Muhammad Bello: Sultan Sókótó tó mọ ìràwọ̀ bó ṣe mọ ojú ogun

Lọ́dọọdún, nígbà tí ààwẹ̀ Ramadan bá kù sí dẹ̀dẹ̀, etí gbogbo Mùsùlùmí orílẹ̀-èdè yìí a máa wà lẹ́nu rédíò. Ní Àgídìngbì tí ilé iṣẹ́ Radio Lagos wà, ní Ògbà, ní Ìkẹjà títí dé Agége, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ a máa bi ara wọn léèrè bóyá wọ́n ti rí oṣù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń retí ni èyí tí yóò ti ẹnu Sultan Sókótó jáde, nítorí òun ni ó máa ń kéde pé ọ̀la ni ààwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀, tàbí pé kí a ṣì ní sùúrù di ọ̀tunla. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń gbọ́ ìkéde yìí ni kò mọ̀ pé ẹni tí àwọn òpìtàn kà sí Sultan Sókótó àkọ́kọ́ jẹ́ ọkùnrin tí ó mọ ìràwọ̀ ojú ọ̀run lórúkọ, tí ó kọ ìwé tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tí ó sì tún jẹ́ balógun tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ kò lè fojú di. Muhammad Bello ni orúkọ rẹ̀.

Orúkọ náà kò ṣàjèjì sí wa. Àìmọye ìdílé Mùsùlùmí nílẹ̀ Yorùbá ló ń jẹ́ Bello. Ẹni tó bá sì ń gba Ahmadu Bello Way kọjá ní Victoria Island, orúkọ àtọmọdọ́mọ ọkùnrin yìí ló ń pè. Muhammad Bello ló bí bàbá tó bí bàbá Ahmadu Bello, Sàdáúnà Sókótó, olórí ìjọba àpá Àríwá tí wọ́n pa nínú ìfipágbàjọba oṣù kìíní ọdún 1966. Síbẹ̀, bí a bá dárúkọ Sókótó láàrin Yorùbá, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lọ síbi ìwé àti ìràwọ̀. Ìlọrin ni ọkàn wọn máa ń lọ, àti ogun tó tú Ọ̀yọ́-Ilé ká. A kò ní fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ nínú ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́.

Ọdún 1781 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ Gobir, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ àwọn Hausa wà nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ni Shehu Usman dan Fodio, àáfáà ńlá tí òkìkí rẹ̀ ti kàn kárí ilẹ̀ Hausa; Hauwa ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ìlú Degel ni wọ́n ń gbé, ilé wọn sì jẹ́ ilé ìwé ju ilé ọlá lọ. Bàbá ń kọ́ni, Abdullahi tó jẹ́ àbúrò bàbá ń kọ́ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn láti jókòó síwájú wọn. Àwọn obìnrin ilé náà pàápàá kò gbẹ́yìn. Nana Asma'u, àbúrò Bello tí wọ́n bí ní 1793, di akéwì àti olùkọ́ tí àwọn obìnrin ìgbèríko ń rìn wá bá kí ó lè kọ́ wọn ní ẹ̀sìn. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ tí kò bá mọ̀wé ni yóò di àjèjì.

Kí ló da àáfáà pọ̀ mọ́ ìràwọ̀? Ohun tó dà wọ́n pọ̀ kò ṣòroó yé. Mùsùlùmí ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ìrìn oòrùn ló sì ń sọ àkókò ìrun kọ̀ọ̀kan. Ó ní láti kọjú sí Mẹ́kà níbikíbi tó bá wà. Oṣù ojú ọ̀run ló ń ka ọdún rẹ̀, òun náà ló ń sọ ìgbà ààwẹ̀ àti ìgbà haji fún un. Àwọn oníṣòwò tí wọ́n ń fi ràkúnmí la aṣálẹ̀ kọjá lóru kò sì ní ohun mìíràn tí wọ́n lè fi mọ ọ̀nà ju ìràwọ̀ lọ. Nítorí náà, ìmọ̀ ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀ jẹ́ ara ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé Timbuktu, Katsina àti Kano fi ń ṣe ara wọn lọ́ṣọ̀ọ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó bí Bello. Èyí yàtọ̀ sí iṣẹ́ àwọn tí wọ́n ń fi ìràwọ̀ tàbí iyanrìn sọ pé àwọn mọ ohun tó fara sin. Irú àwọn yẹn ni Shehu bá wí gidigidi nínú ìwàásù àti ìwé rẹ̀.

Bello kọ́ sì ni ọba Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí ojú ọ̀run fà mọ́ra. Ní ìlú Samarkand, ní àárín gbùngbùn Asia, ọba kan wà tí à ń pè ní Ulugh Beg, tí wọ́n bí ní 1394. Ó kọ́ ilé gìrìwò kan tí wọ́n ti ń wo ìràwọ̀, òun àti àwọn ọ̀mọ̀wé rẹ̀ sì to ìràwọ̀ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sínú ìwé kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìjọba. Ní 1449, ọmọ bíbí inú rẹ̀ gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n sì pa á. Bello kò kọ́ ilé ìràwọ̀, kò sì ní irinṣẹ́ tí Ulugh Beg ní. Ohun tó fi jù ú ni pé ó mọ bí a ṣe ń di ìjọba mú. Iye tí dídi ìjọba mú náà ná òun àti àwọn ẹlòmíràn ni ìtàn tó kù.

Ní 1804, aáwọ̀ tó wà láàrin Shehu àti ọba Gobir di ogun. Shehu kúrò ní Degel lọ sí Gudu, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ sì fi í jẹ olórí àwọn onígbàgbọ́ òdodo. Bello kò tíì pé ọdún mẹ́tàlélógún nígbà náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn olórí ogun bàbá rẹ̀. Ní òpin ọdún náà gan-an ni àwọn ará Gobir dojú ìjà kọ wọ́n ní Tsuntsua, ojú wọn sì rí màbo. Ìtàn sọ pé bí ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn wọn ló kú níbẹ̀, àti pé nǹkan bí igba nínú wọn ló mọ Àlùkùránì sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ro iye ọdún tí igba ènìyàn bẹ́ẹ̀ fi kàwé, kí ẹ sì ro iye wákàtí tí ogun fi gbé wọn mì.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1808, Alkalawa tó jẹ́ olú ìlú Gobir bọ́ sọ́wọ́ wọn, ọba ibẹ̀, Yunfa, sì kú. Ní 1809, Bello tẹ ìlú Sókótó dó. Ní 1812, Shehu pín àbójútó ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà sí ọ̀nà méjì: Bello ń mójú tó ìlà oòrùn, Abdullahi ń mójú tó ìwọ̀ oòrùn, èyí tí Gwandu di olú ìlú rẹ̀. Ìpín yìí ṣe pàtàkì sí wa, nítorí Gwandu ni Ìlọrin bọ́ sábẹ́ rẹ̀ nígbà tó yá.

Nígbà tí Shehu kú ní 1817, wọ́n fi Bello jẹ olórí gbogbo ìjọba náà. Inú Abdullahi kò dùn sí i. Ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ níbi púpọ̀, àwọn ìlú tí wọ́n ti tẹrí ba sì tún gbé orí sókè. Ní Kalembaina, ẹ̀bá Gwandu, Bello lọ ran àbúrò bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣẹ́gun àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó dóti í, ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì sì ti parí ìjà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá tilẹ̀ ń jiyàn, nínú ìwé ni wọ́n ti ń jà á, kì í ṣe pẹ̀lú idà.

Ìwé ni ibi tí Bello ti rọ́wọ́ mú jù. Ó kọ nípa òfin àti bí ó ṣe yẹ kí aláṣẹ máa ṣàkóso. Ó kọ nípa ìṣègùn, títí kan àìsàn ojú àti jẹ̀díjẹ̀dí. Ó kọ nípa àwọn obìnrin olùfọkànsìn, èyí tí Nana Asma'u sọ di ewì. Ṣùgbọ́n èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Infaq al-Maysur, ìwé ìtàn tó parí ní 1812, níbi tó ti ròyìn jìháàdì bàbá rẹ̀ àti ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú tó yí wọn ká.

Ohun kan wà nínú ìwé náà tó fi í hàn bí ọ̀mọ̀wé tòótọ́. Nígbà tí àwọn Fúlàní kọ lu Borno, ìlú tó ti ń ṣe ẹ̀sìn Islam fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, olórí kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Muhammad al-Kanemi kọ̀wé sí wọn. Ó bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń pa Mùsùlùmí ẹlẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n sì ń kó wọn lẹ́rú. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ kò sọ ènìyàn di kèfèrí, àti pé ìlú tí kò ti sí ẹlẹ́ṣẹ̀ kò sí láyé. Ọ̀rọ̀ tó gún ni lára ni. Bello fèsì, èsì rẹ̀ sì gùn, ṣùgbọ́n kò fi ìwé alátakò rẹ̀ pamọ́. Inú ìwé tirẹ̀ ló kọ ọ́ sí, débi pé ẹni tó bá ń kà á lónìí lè gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì kí ó tó dájọ́.

Inú ìwé kan náà ni Bello ti dárúkọ wa. Ó pe ilẹ̀ wa ní Yarba, ó sì kọ ọ́ pé ìran Kénáánì ni wá, ará ilé Nímírọ́dù, tí ọba Lárúbáwá kan lé kúrò ní Ìráàkì, tí wọ́n gba àárín Íjíbítì àti Ethiopia kọjá títí wọ́n fi dé ibi tí a wà yìí. Wọ́n tẹ ìtàn yìí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1826, láti ibẹ̀ ni àlùfáà Samuel Johnson sì ti rí i, tó fi fi í sínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá, èyí tó jáde ní 1921. Àwọn onímọ̀ òde òní kò gba ìtàn Nímírọ́dù yẹn gbọ́. Àwọn òpìtàn Lárúbáwá àtijọ́ ló máa ń so gbogbo ènìyàn ayé mọ́ àwọn orúkọ tó wà nínú ìwé mímọ́, ọ̀nà náà ni Bello sì tọ̀. Síbẹ̀, títí di òní ni a ṣì ń rí àwọn tí wọ́n ń sọ ọ́ láwùjọ bí ẹni pé ẹnu àwọn baba ńlá wa ló ti jáde. Kò yẹ kí a bú ẹni tó kọ ọ́, kò sì yẹ kí a gbé e mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

Ní oṣù kẹta ọdún 1824, àlejò òyìnbó kan wọ Sókótó. Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ọ̀gágun orí omi ni. Aṣálẹ̀ àti Borno ló gbà wá. Lára ẹ̀bùn tó kó fún Sultan ni ìbọn tí wọ́n fi fàdákà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kọ́ńpáàsì, awò-ọ̀nà-jíjìn, dígí àti aṣọ sẹ́dà. Bello náà kó ìwé jáde: àwọn ìwé Denham, ẹnì kejì Clapperton nínú ìrìn àjò náà, tí wọ́n bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Fúlàní lójú ìjà, ó sì dá wọn padà. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi àlejò rẹ̀ ní ìbéèrè lórí ìyapa tó wà láàrin àwọn ìjọ Kìrìsìtẹ́nì ayé àtijọ́. Ìbéèrè náà jinlẹ̀ débi pé Clapperton ní láti jẹ́wọ́ pé ìmọ̀ òun kò dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ mìíràn, Sultan ní kí ó gbé àwọn ohun èlò ìwòràwọ̀ rẹ̀ wá sí ààfin. Clapperton tẹ́ àwòrán ojú ọ̀run sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹnu yà á láti rí i pé Bello mọ àgbájọ ìràwọ̀ méjèèjìlá tí oòrùn máa ń gbà kọjá láàrin ọdún, ó mọ díẹ̀ nínú àwọn àgbájọ mìíràn, ó sì mọ ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ ní orúkọ tí àwọn Lárúbáwá ń pè wọ́n. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí àwọn atukọ̀ fi ń wọn gíga oòrùn jáde. Dígí oòrùn ni àwọn ará ààfin ń pè é. Bello fẹ́ mọ iṣẹ́ ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan awò tó ń dojú ohun gbogbo délẹ̀, ẹ̀rù ba àwọn ẹmẹ̀wà, kò sí ẹni tó fẹ́ dúró níwájú rẹ̀. Clapperton fúnra rẹ̀ ló lọ dúró lókèèrè kí Sultan lè wò ó.

Nígbà náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀. Ohun èlò kan kù nínú àpótí, ó dà bí dígí tí òjìji oòrùn máa ń hàn nínú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ àpótí náà ti sọnù, ìdérí rẹ̀ kò sì fẹ́ ṣí. Clapperton tọrọ ọ̀bẹ, èyí tí wọ́n fún un kéré jù. Láìro nǹkan kan, ó ní kí wọ́n fún òun ní ọ̀bẹ aṣóró. Lójú ẹsẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àlejò náà ṣe ròyìn, Sultan fa idà rẹ̀ dé ìdajì nínú àkọ̀, ó gbé e síwájú, ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Clapperton ṣe bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Ó rọra ṣí àpótí, ó dá ọ̀bẹ padà fún ẹni tó ni ín, Sultan àti gbogbo àwọn tó yí i ká sì wo oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀.

Gbogbo ìgbésí ayé Bello ló wà nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn. Ọkùnrin tó ń ṣe àṣàrò lórí ìràwọ̀ ní òwúrọ̀ kan náà kò lè gbàgbé pé òun jẹ́ ọba tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá ẹ̀mí rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lọ́run, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí èkù idà.

Ìfura yẹn náà ló hàn nínú ọ̀rọ̀ odò Ọya. Nígbà tí Clapperton béèrè ibi tí odò náà ń lọ, Bello yà á sórí iyanrìn, ó sì sọ fún un pé ó ń wọ inú òkun. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà sórí ìwé fún un lẹ́yìn náà, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Íjíbítì ni odò ń ṣàn lọ. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé àwọn ará ààfin kò fẹ́ kí òyìnbó mọ ọ̀nà tí ọkọ̀ ojú omi lè gbà wọ ilẹ̀ wọn. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìtàn ti fi hàn pé ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán.

Clapperton padà wá, lọ́tẹ̀ yìí láti etíkun wa níhìn-ín. Àgbádárìgì ló ti gbéra ní ìparí ọdún 1825, ó sì dé Ọ̀yọ́-Ilé ní oṣù kìíní ọdún 1826, níbi tí Aláàfin ti ráhùn fún un nípa àwọn Hausa àti Fúlàní tí wọ́n ti gba Ìlọrin mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní oṣù kẹwàá ló dé ọ̀dọ̀ Bello. Nínú ẹ̀bùn tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi rán an, ìwé kan wà ní èdè Lárúbáwá, ìwé Euclid, ọmọ ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ tó kọ́ aráyé ní ìmọ̀ ìlà àti igun. Inú Bello dùn sí i jọjọ. Ó ṣàlàyé pé ẹbí àwọn ti ní ọ̀kan rí, tí ìbátan wọn kan mú bọ̀ láti Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ó jóná nígbà tí iná jó apá kan ilé òun ní ọdún tó ṣáájú. Ìwé tí àwọn kan ní Èkó lónìí kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, Sultan ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ní Sókótó ní igba ọdún sẹ́yìn.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Bello àti Borno ń jagun, ó sì mọ̀ pé àlejò òun tún gbé lẹ́tà àti ẹ̀bùn dání fún al-Kanemi. Ó gba ìwé náà, ó sì kọ̀ kí ó lọ sí Borno. Àìsàn kọ lu Clapperton, ó sì kú ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin ọdún 1827. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, ló sin ín sí ẹ̀bá Sókótó kó tó padà sí Àgbádárìgì.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ èyí tí a ṣèlérí. Bello kò wá sí Ìlọrin rí. Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni ó pe Àlímì àti àwọn jàmáà sí ìjà tó ń bá Aláàfin jà, ọ̀rọ̀ náà sì ja sí ikú Afọ̀njá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ àsíá ìjọba tí Bello jẹ́ olórí rẹ̀ ni Abdulsalami ọmọ Àlímì ti di ẹ́míà. Nínú rúkèrúdò àsìkò yẹn ni wọ́n kó Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, lẹ́rú ní 1821. Òun ni ayé mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lẹ́yìn náà. Nínú ìwé tí Bello kọ sí ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó fara mọ́ ọn pé òun yóò dá kíkó ẹrú lọ sí etíkun dúró. Síbẹ̀ ogun ìjọba rẹ̀ kò yé kó ẹrú, ẹrú ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú oko àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ náà. Ìbéèrè al-Kanemi tí òun fúnra rẹ̀ kọ sínú ìwé ṣì ń dúró de èsì. Ìmọ̀ púpọ̀ kì í sọ ọwọ́ di mímọ́.

Ìlú Wurno, ìlú olódi tó kọ́ láti dènà àwọn ará Gobir, ni Bello lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Umar Tal, àáfáà tó dá ìjọba ńlá sílẹ̀ nígbà tó yá ní apá Senegal àti Mali, gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún díẹ̀, ó sì fẹ́ ọmọ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1837, Bello kú ní Wurno, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni. Àbúrò rẹ̀, Abubakar Atiku, ló gorí oyè.

Ní 1903, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba Sókótó. Idà tí Bello fà yọ ìdajì níwájú Clapperton kò wúlò mọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀, nítorí ìbọn tó lágbára ju tiwọn lọ ni wọ́n bá pàdé. Ohun tí ìbọn kò rí pa ni ìwé. Wọ́n ṣì wà ní Sókótó, wọ́n wà nínú àwọn yunifásítì, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ń tún wọn tẹ̀. Kódà, kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Ní Agége, ní Markaz tí Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory gbé wá láti Abẹ́òkúta ní 1955, àìmọye ọmọ Yorùbá ló ti kọ́ èdè tí Bello fi kọ̀wé. Al-Ilory fúnra rẹ̀, tó kú ní 1992, kọ ìwé lórí Islam ní Nàìjíríà àti lórí bàbá Bello, ó sì fi ojú ọmọ Yorùbá kọ ọ́.

Ọ̀nà tó yẹ kí a gbà nìyẹn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. A lè rántí Ọ̀yọ́-Ilé pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn, kí a sì tún gbà pé ọkùnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ìwé tó jóná ní ohun tó lè kọ́ wa. Lálẹ́ ọjọ́ tí a bá tún ń gbé orí sókè wá oṣù ààwẹ̀, kí á rántí pé àwọn ìràwọ̀ tó yí i ká náà ni Bello ń ka orúkọ wọn.